Ìyá Eléyín àti Ẹja Mẹ́fà

Ìyá Eléyín ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé eyín tirẹ̀ dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ìda á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, pílásítà funfun tí wọ́n ń pò bíi sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ kékeré tó fi ń lọ eyín á sì máa kùn lórí tábìlì. Bí dókítà bá ti yọ eyín tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àpẹẹrẹ ẹnu aláìsàn ń bọ̀, òun ni yóò sì wá ohun tí yóò dí àlàfo náà. Ó mọṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó lè wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn lójú pópó kó sọ eyín tí kò sí nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣeé bá a wí ni pé ó gbà pé gbogbo ohun tó bá ti ń dunni láyé yìí, yíyọ ló gbà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ò rí nǹkan ṣe mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti dàgbà, oníkálukú ti wábi gbà. Ilé dákẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan ló yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta ẹja tí wọ́n ń sìn nínú ilé, ló bá rí ẹja kan tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ìlà búlúù sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ó dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ẹlẹ́ja ní dísíkọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é.

"Mo lérò pé méjì á tó mi," ni Ìyá Eléyín wí. "Èmi nìkan ni mo wà nílé."

"Mọ́mì, ẹ má ra méjì," ni Ẹlẹ́ja dá a lóhùn. "Ẹja yìí ò ṣeé sìn ní méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá, ọ̀gá ọ̀hún ò sì ní yé lu ẹnì kan. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, ẹnì kan ṣoṣo ló máa jẹ gbogbo ìyà yẹn. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ìyà á kárí, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni."

"Àṣé ìyà náà ṣeé pín bíi búrẹ́dì?" Ìyá Eléyín rẹ́rìn-ín. "Ẹja yín gbọ́n jù wá lọ o."

Ẹlẹ́ja ní ogójì lítà omi ni ẹja kan ń fẹ́. Àpótí gíláàsì tí Ìyá Eléyín yàn sì ń gba òjìlúgba lítà. Ó pín in lọ́kàn, ó rí i pé mẹ́fà ló bá a mu rẹ́gí, kò ṣẹ́kù, kò dín, inú rẹ̀ sì dùn nítorí pé ohun tó bá bára mu rẹ́gí ló máa ń wù ú. Ó gbé ẹja mẹ́fà lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ja fi ṣẹ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí Ìyá Eléyín sọ ní Ọ̀gá, gbájú mọ́ èyí tó kéré jù. Bí wọ́n bá da oúnjẹ sómi, Ọ̀gá á sáré kọlu ọmọ kékeré náà, á lé e wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni onítọ̀hún á sì dúró sí títí àwọn yòókù á fi jẹun tán. Ara rẹ̀ dúdú, ó rù. Ìyá Eléyín á gbé àga ti àpótí láàárọ̀, á máa wò wọ́n, á máa bínú. Ó tẹ Ẹlẹ́ja láago.

"Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì. Ẹ ṣí àwọn igi inú omi yẹn nípò, kí oníkálukú má mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà mọ́. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá mú ọ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ Ọ̀gá o."

Ta lẹ ń sọ fún? Kí ó fi kún un? Ilé tí wọ́n ti ń jà, kí ènìyàn tún kó èrò wọ̀ ọ́? Lọ́jọ́ kejì, ó fi àwọ̀n mú Ọ̀gá, ó da á sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi, ó gbé e padà fún Ẹlẹ́ja. Nígbà tó dé ilé, ọmọ kékeré ti jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó ń jẹun láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Eléyín pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni pàtẹ́wọ́ yẹn mọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, èyí tó ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó kù kiri bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ó gbé Jẹ́jẹ́ náà padà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Nígbà tí ìjà yóò tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ kékeré ọjọ́sí, èyí tó ti jẹ ìyà títí tó fi dúdú, ló gba iṣẹ́ náà. Ó jẹ ìrù ẹlòmíràn ya. Ìyá Eléyín jókòó, ó ń wò ó, kò gbà á gbọ́.

Ó gbé òun náà dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́ja kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fún un ní àga.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ẹja yẹn ló burú. Ipò kan ló wà nínú omi yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀ ni. Wọn ò pọ̀ tó, ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń yọ wọ́n báyìí, ẹ máa yọ ọ́ kan ìkẹyìn."

"Ọ̀gá ńkọ́?" ló béèrè.

"Wọ́n ti rà á. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n jọ wà nínú omi kan níbi tó lọ. Ẹni tó rà á ní kò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ìyá Eléyín gbé ọ̀rá omi lé itan. Kì í ṣe ẹja ló ń rò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá wọn á ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti pílásítà ní èékánná, á bá ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń sunkún, á bá èkejì tó di ìkúùkù. Ó bá a wí, kò gbọ́. Ó nà án, ó le sí i. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òsì Ìyá Eléyín nígbà náà. Ó kó ẹrù Àkọ́bí, ó rán an lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú tó jìnnà, ilé tí ọmọ mẹ́fà ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kó lọ gbé ibẹ̀ títí ilé yóò fi tòrò. Kò padà wá gbé ilé mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lóríṣiríṣi ìgbà pé ọmọ náà kì í jà. Ìyá Eléyín ní ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n òun ló ń bà á.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó lọ, àbúrò rẹ̀ tó máa ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn di ẹni tó ń lu abígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin. Ìyá wọn ní ìwà Àkọ́bí ló ràn án. Ó rán òun náà lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbé. Ó wá ku òun àti ọmọbìnrin yẹn, ọmọbìnrin náà sì kọjú ìjà sí i títí ó fi rílé ọkọ lọ.

Ohun tó dùn ún jù lórí àga yẹn ni pé ó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè tàn án jẹ lórí eyín: bí wọ́n bá yọ ọ̀kan tí wọn kò sì dí ibẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sí àlàfo, gbogbo ẹnu á sì wọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi sọ èyí fún àwọn aláìsàn. Kò sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àbámọ̀ mú un débi pé Ẹlẹ́ja ní láti bá a gbé ọmọ kékeré náà padà sílé, ó sì ní òun á mú ẹja mẹ́rin sí i wá tí Ìyá Eléyín bá lè wá àpótí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Àkọ́bí ń bọ̀. Iṣẹ́ ń gbé e lọ sí ìlú òkèèrè, òun, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá Eléyín mọ̀ pé bó bá ti gba ìwé yìí, kò ní ìdí kan láti padà wá mọ́. Ó pinnu pé kò ní jáde nílé náà láìjẹ́ pé òun bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ló dé. Ó kí i dáadáa, bí ènìyàn ṣe ń kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gba tíì, ó wo àpótí.

"Ẹja mẹ́rin péré nínú omi tó tó yìí?"

"Mẹ́fà ni wọ́n tẹ́lẹ̀." Ìyá Eléyín sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Ọ̀gá, ti Jẹ́jẹ́, ti ọmọ kékeré. Nígbà tó sọ ọ́ tán, kò dúró, kí àyà rẹ̀ má baà já. "Bí mo ṣe ṣe ẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tó o lọ tán, àbúrò ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lu èyí tó kéré. Nígbà tóun náà lọ, èyí tó kéré ń bá mi jà. Kì í ṣe ìwọ lo burú, ọmọ mi. Mo ṣì ẹ́ mú. Má bínú sí mi."

Àkọ́bí gbé ife sílẹ̀.

"Oṣù mélòó lẹ́yìn tí mo lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú?"

"Mẹ́ta."

"Mọ́mì, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí."

"Mo mọ̀. Mo gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Èmi ni, kì í ṣe Ọlọ́run. Ọdún mẹ́wàá ni ìyàwó mi fi bẹ̀ mí pé ká bí èkejì. Mo ní rárá. Mo ní mo mọ irú ọmọ tí mo jẹ́, tèmi náà á jọ mí, kò gbọ́dọ̀ rí àbúrò tó máa lù. Ọmọ ọ̀hún ò tiẹ̀ gbá ẹnikẹ́ni létí rí. Òun náà bẹ̀ wá títí, ó sú u. Ìyàwó mi pé àádọ́ta ọdún lóṣù tó kọjá."

Ìyá Eléyín fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ máa ń kọ lẹ́tà sí mi lóṣooṣù nígbà yẹn," ni Àkọ́bí wí. Kò pariwo. "Mo ṣì ní gbogbo wọn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé látìgbà tí mo ti lọ, ilé ti tòrò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ọmọ tí mo jẹ́."

"Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn ẹ lè balẹ̀ ni," ni ìyá rẹ̀ wí.