Ẹni Tí A Jọ Máa ń Dúró Lẹ́yìn Gọ́ọ̀lù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró ti ọkùnrin kan lẹ́yìn gọ́ọ̀lù ní Dagenham nílùú òyìnbó, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé n kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọn á ní, "Daddy, òyìnbó tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ lẹ torí ẹ̀ kọ oúnjẹ?"

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. A wà nísàlẹ̀ gbogbo líìgì tí àwọn èèyàn mọ̀, níbi tí aṣọ́gọ́ọ̀lù ti ń fi ọ̀dà kun ilé fún àwọn èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀, tí o sì lè gbọ́ gbogbo ohun tí rẹfirí ń sọ. Ọkọ ọmọ mi obìnrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ti ń wá fìlà mi ní ọjọ́ Sátidé.

"Daddy, ẹ tún fẹ́ lọ wo àwọn tí ò mọ bọ́ọ̀lù gbá?"

"Àwọn tí ìwọ ń wò yẹn," mo máa ń dá a lóhùn, "ṣé wọ́n mọ̀ pé o wà láyé?"

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé pápá náà, mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì nílé, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí mi ti wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí. Òjò ń rọ̀. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn kọnkéré, mo gbá irin tó wà níwájú mú. Ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ yí sí mi.

"Ṣé kò sí bọ́ọ̀lù tó dáa ju èyí lọ níbi tó o ti wá ni?"

"Ó wà, sir."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó ní òun ti to mọ́tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà létí odò fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sẹ́ni tó pe òun ní sir rí, àfi ọlọ́pàá kan tó fẹ́ mú òun. Ó na ọwọ́ sí mi, ó sọ orúkọ rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í pe ẹni tó juni lọ lórúkọ. Mo mọ̀ pé n kò ní lo orúkọ náà láéláé, nítorí náà n kò dì í mú. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀gbọ́n là ń pe irú rẹ̀ nílé wa. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń sín. Nígbà tó gbọ́ pé mo lọ sí yunifásítì, ó ní òun náà kò ní pe orúkọ mi, Prof lòun máa pè mí. Bí mo ṣe di Prof nìyẹn, tí òun sì di Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ọdún méjì, ojú ti ń tì mí láti béèrè.

Àṣà kan wà ní irú pápá bẹ́ẹ̀ tí kò sí ní ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Nígbà ìsinmi ààrin eré, àwọn èrò máa ń ṣí. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ yí apá padà, àwa náà á rìn yí pápá ká lọ sẹ́yìn gọ́ọ̀lù kejì, kí a lè wà níbi tí àwọn tiwa yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ̀gbọ́n á ra ìwé kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ eré, á máa kà á fún mi bí a ṣe ń rìn. Èmi ni mo ń ra tíì. A ó dúró síbi igun tí irin ti tẹ̀, ibẹ̀ ni ipò wa.

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo sin ìyàwó mi, mo lọ sí pápá nítorí pé n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo sọ fún un. Nígbà tí àkókò tó láti ṣí, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, a sì rìn yí pápá náà ká bẹ́ẹ̀, òun tí orúnkún ń dùn ló ń mú mi lọ. Kò ka ìwé kankan lọ́jọ́ náà. Ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ gbé ní Gascoigne, wọ́n ti wó o, wọ́n ti kọ́ òmíràn síbẹ̀. Ibi igun tí irin ti tẹ̀ yẹn nìkan ló kù tó ṣì rí bí mo ṣe bá a.

Ní sáà eré yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí a tó yí pápá ká. Lọ́jọ́ kan, ní ẹnubodè, níbi tí mo ti ń yà sápá òsì lọ wọ bọ́ọ̀sì Marks Gate, tí òun sì ń yà sápá ọ̀tún sí Heathway, ó ní, "Ó di Sátidé, Prof." Kò wá ní Sátidé náà. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. N kò ní ìjánu kankan lọ́wọ́. Ta ni mo fẹ́ béèrè? Òyìnbó arúgbó tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, tó ń wúkọ́? Mo lọ sí Heathway láàárín ọ̀sẹ̀, mo rìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo ń wo ojú àwọn arúgbó títí obìnrin kan fi béèrè bóyá mo sọnù. Ní ọjọ́ eré, mo máa ń gbé fìlà mi sórí irin níbi tó máa ń dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ipò rẹ̀.

Ó di Sátidé kan, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe orúkọ kan lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé alátìlẹ́yìn wa àtijọ́ kan ti kú, kí gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Mo mú fìlà kúrò lórí irin, mo gbá a mọ́ àyà, mo tẹ orí ba. Òtútù ń mú mi. Mo ń rò ó pé ìṣẹ́jú náà ti pẹ́ jù. Mo sì sọ nínú ọkàn mi pé bí Ẹ̀gbọ́n bá dé, màá bi í léèrè ẹni tí olóògbé náà jẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí òun kò mọ̀ ní pápá yìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ ra tíì lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á láti ojú fèrèsé. Kò gba owó mi.

"A ò rí yín níbi ìsìnkú," ó ní.

"Ìsìnkú ta ni?"

Ó wò mí. "Ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Mo rí yín, ẹ ṣí fìlà."

Ó mú ìwé kékeré ọjọ́ náà jáde lábẹ́ tábìlì. Àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, irun rẹ̀ dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá tilẹ̀ ra ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, n kì bá tí dá a mọ̀.

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Australia," ó ní. "Ó ń wá Prof. Ó ní bàbá òun sọ pé Prof gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó máa gbé pósí òun. Ó bi gbogbo wa léèrè. A mọ̀ yín dáadáa, tíì méjì, ṣúgà sí ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yín."

"Ṣé ó ṣì wà níbí?"

"Ó ti padà ní Mọ́ńdè."

Mo ti mọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n wàyí. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ó fún mi ní orúkọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, mo jẹ́ kó bọ́ nítorí ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ yẹn náà ni kò jẹ́ kí èjìká mi wà lábẹ́ pósí rẹ̀.

Mo gbé tíì náà lọ sí ìdí irin. Nígbà tí ìsinmi tó, àwọn èèyàn kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n ń ṣí lọ sí apá kejì. N kò lọ. Ní ìdajì kejì, àwọn tiwa gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní apá ọ̀hún, níbi tí ojú mi kò ká mọ́. Ariwo rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.