Bàbá Akínrẹ̀mí Kì í Fi Téèpù Wé Wáyà

Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò Goresbrook, ní Dagenham nílùú òyìnbó, bá dárúkọ olóògbé Bàbá Akínrẹ̀mí, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó sì tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, ọjọ́ ìdánwò ìwakọ̀ Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí.

Àmọ̀kẹ́ ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó rí ní Marks Gate ń dúró de ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò gba ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ìdánwò kẹrin, iná bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀, kò tàn. Bẹ́ẹ̀ olùdánwò kì í wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ni wọ́n bá pe Bàbá. Àdúrà òwúrọ̀ ló ti wá, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ó ṣí bọ́ọ̀tù, ó sì rí ibi tí wáyà ti já.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi téèpù wé e," Àmọ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Test mi ti fẹ́ start."

"Téèpù? Ṣé ẹ̀bùn Kérésì ni mò ń dì ni?"

Ó fa iná láti fèrèsé ìdáná Àmọ̀kẹ́, ó ki irin ìjóòjé tó fi ń lẹ wáyà pọ̀ bọ̀ ọ́. Irin kò tètè gbóná. Àmọ̀kẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, Bàbá yọ́ òjé sójú wáyà méjèèjì, ó fà á wò, kò já. Ìgbà náà ló rí i pé rọ́bà tóóró tó yẹ kó kọ́kọ́ ki wáyà bọ̀, èyí tí yóò bo ojú ibi tó jó pọ̀, ṣì wà nínú àpótí. Àṣìṣe yìí gan-an ló fi ń bú gbogbo rìwáyà Dagenham.

"Bàbá, ẹ fi téèpù..."

Bàbá mú ẹ̀mú, ó tún gé wáyà náà, kó lè ráyè ki rọ́bà wọ̀ ọ́. Àmọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku kí rọ́bà gba ooru kó lè fún mọ́ wáyà, ó tan àbẹ́là ìjọ tó wà nínú àpò rẹ̀, ó sì tẹrí wọnú bọ́ọ̀tù. Reuben aládùúgbò ń kọjá, ó rí aláṣọ funfun tó mú àbẹ́là dání, ó rí ẹni tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bá ṣí fìlà.

"Sorry for your loss," ló wí.

Iná tàn. Bàbá jókòó ti Àmọ̀kẹ́, ó ń ké Sáàmù títí wọ́n fi dé ibi ìdánwò, ó kù díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àmọ̀kẹ́ yege.

Lọ́jọ́ ìkórè, bí wòlíì ti ń wàásù lọ́wọ́, Bàbá rí téèpù lára wáyà makirofóònù, ó fà á yọ. Ohùn wòlíì kò jáde mọ́, ìwàásù sì kúrú. Ìjọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, Àmọ̀kẹ́ ni ilé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó rán láti máa tọ́jú rẹ̀. Kò sí ìgbà tó wẹ̀ ẹ́ tí Bàbá kò bú u. "O ò fọ ẹ̀yìn etí mi dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Àmọ̀kẹ́ á rẹ́rìn-ín, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá tó bí i.

Lọ́jọ́ kan, ó wẹ̀ ẹ́ tán, Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù tó ba Àmọ̀kẹ́ ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."