Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Yàrá kẹta rèé tí ìyàwó mi kọ̀, nínú ọkọ̀ òkun tí a fẹ́ kó àwọn ọmọ wọ̀ lọ ìsinmi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsẹ́yìn la jókòó sí, fóònù tí mo fi ń gba yàrá wà lọ́wọ́ mi.

"Yàrá tí atẹ́gùn ò wọ̀, mi ò lè sùn níbẹ̀."

Ó ti sú mi. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn ni òórùn èèpo ọsàn gbà mí nímú.

Òórùn yẹn gbé mi padà sí gáréèjì Ìwéré-Ilé, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń lọ sí Ṣakí. Oòrùn ń jó wa, omi kajú ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá mi ti jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì lọ.

"Alàájì, ṣé ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì ni?" ni dírẹ́bà kẹta bi wọ́n.

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìyá àwọn ọmọ máa jókòó sí." Wọn ò sọ ìdí.

Èèpo ọsàn ni ìyá mi gbé símú. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀, mo ní ṣebí ìjókòó kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ojú tí Bàbá fi wò mí pa mí lẹ́nu mọ́. Bọ́ọ̀sì karùn-ún la wọ̀.

Àbúrò mi ló wà nínú ìyá mi lọ́jọ́ náà, a kì í sì í dúró ní gáréèjì kéde oyún tuntun.

Mo gbójú sókè. Èèpo ọsàn wà nímú ìyàwó mi. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Yàrá tó ní bákónì ni mo mú.