Àgbàdo Tí Kì Í Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Yọ Irùkẹ̀rẹ̀

Mo rántí àárọ̀ Sátidé náà. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo gbé ọkọ́ lé èjìká lẹ́yìn ilé wa ní Imasayi. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, inú mi sì ń dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe oore. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìnáání ló fà á. Ìfẹ́ ni, àti ìkánjú.

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti mú un lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀kọ mímu kan ṣoṣo ló ń lọ, èyí tí a fi àgbàdo tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kọ yẹn kì í dì bó tilẹ̀ tutù, kì í sì í ya omi. Ògì gbígbẹ tó wà nílé kò lè kọjá oṣù mẹ́ta, odidi àgbàdo mẹ́ta péré ló sì kù lókè àjà ìdáná fún gbígbìn.

Àgbàdo yìí gan-an ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Mo kọ́ pé àwọn ènsáìmù ló ń so ṣúgà pọ̀ di sítáàṣì nínú hóró, bí òṣìṣẹ́ tó ń hun ẹní, àti pé òṣìṣẹ́ tó ń ṣe irú sítáàṣì tó ń mú ẹ̀kọ dì kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nínú ti Màmá àgbà. Láyé àtijọ́, òṣìṣẹ́ yẹn bàjẹ́ nínú hóró kan. Ẹnì kan tọ́ irú rẹ̀ wò, kò da ìyókù nù, ó gbìn ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí, tí mo ń fi ọwọ́ júwe bí ọ̀jọ̀gbọ́n, Màmá àgbà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkọ mi, ìwé rẹ mọ orúkọ rẹ̀. Kò tíì mọ ìwà rẹ̀."

Ìwà rẹ̀ ni pé kì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ irùkẹ̀rẹ̀. Àfi tí irùkẹ̀rẹ̀ oko àwọn aládùúgbò bá gbẹ tán kí Màmá àgbà tó gbin tirẹ̀. Mo pe ìyẹn ní èèwọ̀ àwọn àgbà. Nítorí kí tuntun lè tètè dé, mo gbin gbogbo hóró náà láàárọ̀ Sátidé yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko aládùúgbò tí òun náà ń gbìn.

Àgbàdo náà yọ, ó dára lójú. Màmá mi, tó jẹ́ olùkọ́, ló po ẹ̀kọ àkọ́kọ́. Kó tó tutù tán, ó ti dì nínú kọ́ọ̀bù bí ẹ̀kọ gbogbo ayé. Màmá àgbà gba ṣíbí kan sẹ́nu, ó wúkọ́, ó rọra tu ú sínú aṣọ.

"Ta ló gbìn ín?"

"Èmi ni, Màmá."

"Pẹ̀lú ti àwọn yòókù?"

Màmá àgbà wò mí, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tíṣà, gbé e kúrò. Mo ti yó."

Ìgbà yẹn ni ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ padà wá sí mi lọ́kàn: atẹ́gùn ti fẹ́ lẹ́búlẹ́bú irùkẹ̀rẹ̀ oko aládùúgbò sórí ti Màmá àgbà, ó ti dá òṣìṣẹ́ tó sọnù padà sínú hóró. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mo wá irúgbìn náà dé Ìlárá, mo wá a dé Ifọ́nyìntẹ̀dó, n kò rí i. A fi omi la ẹ̀kọ yòókù, ṣùgbọ́n kò gbé e ró. Màmá àgbà kú kí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo kejì ọdún náà tó gbẹ tán.

"Ó tó àkókò ni," ni màmá mi ń wí fún àwọn tó wá kí i. Èmi náà ń mi orí. Títí di òní, kò mọ̀ pé àkókò tí mo gbìn ín ló ba àgbàdo náà jẹ́.

Mo ní ìgò kan tí mo kó díẹ̀ sí lára hóró tí mo kórè náà. Mo mọ̀ pé ìwà àtijọ́ ń sá pamọ́ sínú wọn. Bí mo bá gbìn wọ́n láwọn nìkan, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yóò padà wá. Ṣùgbọ́n màmá mi yóò bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbin àgbàdo nígbà tí ti gbogbo èèyàn ti gbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dúró títí n ó fi lè gbé kọ́ọ̀bù ẹ̀kọ tí kò dì síwájú rẹ̀ kí n tó jẹ́wọ́, àbí kí n jẹ́wọ́ kí n tó gbìn? Irùkẹ̀rẹ̀ oko aládùúgbò ti ń gbẹ.