Àtẹ̀gùn Trijntje Lọ́jọ́ Sátidé

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ń ṣèrántí àwọn tó kú lógun nílùú wa, ní Kampen, ẹnì kan á dìde, á ní onísùúrù obìnrin ni Trijntje Veldkamp. Inú máa ń bí mi. Sùúrù wo? Trijntje tí kò lè jókòó jẹun! Ìdúró ló ti ń mu kọfí, orúnkún rẹ̀ á sì máa mì bíi ti ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Bàbá rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá tó ń sé omi odò fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, òun alára sì ń tẹ lẹ́tà níléeṣẹ́ sìgá kan. Kò lọ́kọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa.

Nígbà tí àwọn Jámánì tó ti fi ogun gba ilẹ̀ wa gba rédíò lọ́wọ́ gbogbo wa lọ́dún 1943, ara Trijntje ò gba ilé mọ́. Ọkùnrin kan tó fi rédíò tirẹ̀ pamọ́ sínú ilé adìyẹ ń kọ ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́ sí i. Trijntje á tẹ̀ ẹ́ sórí ewé ìwé kan tojú tẹ̀yìn, á fi ẹ̀rọ àfọwọ́yí dà á kọ ní ẹgbẹ̀ta, á sì gbé kẹ̀kẹ́ lọ pín in. Ilẹ̀ Ń Mọ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pa èèyàn nítorí irú ewé ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ń pariwo. Àárọ̀ Sátidé ló wá ń lò ó, nígbà tí gbogbo obìnrin àdúgbò bá ń na kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha àtẹ̀gùn iwájú ilé wọn, tí èèyàn ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ọwọ́ tó ń yí ẹ̀rọ ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú. Sátidé mẹ́ta kọjá, àtẹ̀gùn Trijntje dọ̀tí gan-an. Ní òpópónà wa, ó sàn kéèyàn má lọ ṣọ́ọ̀ṣì ju kí àtẹ̀gùn rẹ̀ dọ̀tí lọ.

Màmá mi, Aaltje, ò lè mú un mọ́ra.

"Trijntje, ṣé ìgbín ló máa bá ọ fọ àtẹ̀gùn yìí ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin Aaltje. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ìlú látàárọ̀ dalẹ́!"

Mo sọ fún Màmá pé mò ń gbọ́ gbìrà-gbìrà lára ògiri. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni, kí n gbájú mọ́ ànàmọ́ tí mò ń bó. Ọjọ́ Furaidé, lórí ìlà tí a tò láti ra búrẹ́dì, ó tún sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn náà fún gbogbo ayé. "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe nínú ilé ní gbogbo Sátidé?" Ẹyin lohùn. Ìyàwó ọlọ́pàá ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ha àtẹ̀gùn wa, nígbà tí Lubbers, ọkọ obìnrin yẹn, ọlọ́pàá tó ti bá àwọn Jámánì mulẹ̀, dúró tì í.

"Ìyáàfin, ilé wo lẹ ní kì í fọ àtẹ̀gùn?"

Màmá gbójú sókè. Gbìrà-gbìrà ń dún lẹ́yìn ògiri. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun gbogbo ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Ó dìde, ó gbé garawa, ó ṣí ilẹ̀kùn Trijntje, ó sì da ìdajì omi ọṣẹ inú rẹ̀ sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Trijntje!" Ariwo rẹ̀ lè jí òkú. "Ọ̀lẹ obìnrin! Ọlọ́pàá dé, ilé rẹ sì rí báyìí!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Lubbers gbẹ́sẹ̀ láti wọlé.

"Pẹ̀lú bàtà?" ni Màmá wí. "Lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ dàgbà nìyẹn?"

Jámánì ìbá ti tì í ṣubú. Ṣùgbọ́n ọmọ Kampen ni Lubbers, ìyá tó ń ha àtẹ̀gùn ló bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti gìràgìrà rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà gígùn rẹ̀, ihò mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì.

Trijntje jáde. Íǹkì ti ba ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Màmá ti garawa sí i.

"Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́! Máa fọ̀ ọ́!"

Lubbers fi ìbọ̀sẹ̀ tútù yẹ ilé náà wò. Trijntje ti gbé ẹ̀rọ pamọ́ sínú àpótí, lábẹ́ èédú. Àwọn ewé ìwé wà lábẹ́ aṣọ Trijntje. Lubbers ò rí nǹkan kan. "Ẹ máa fọ ibẹ̀ déédéé," ló sọ nígbà tó ń lọ. "Ìtìjú ni."

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ta ló lọ sọ fún wọn?" ni Trijntje béèrè.

"Èmi ni. Lórí ìlà búrẹ́dì."

Orúnkún Trijntje ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Ó ku irinwó ewé," ló wí.

"Lọ tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ni àtẹ̀gùn yìí báyìí."

Láti ọjọ́ yẹn, àtẹ̀gùn méjèèjì ni Màmá ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé. Ní oṣù Kejì ọdún 1945, wọ́n mú Trijntje lójú ọ̀nà Zwolle pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú kí àwọn ọmọ ogun Kánádà tó wọ ìlú. Màmá ò sunkún lójú wa. Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé garawa.

Ogún ọdún ló fi fọ àtẹ̀gùn náà. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan wá ra ilé Trijntje. Ìyàwó jáde sí Màmá, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, lórí ìkúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde. Èmi ni mo wà nínú ilé báyìí, màá fọ̀ ọ́."

Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Fi í sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi," ló wí. "Ọwọ́ Trijntje dí."