Wolé-wolé Tí Kò Fẹ́ Wọlé

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kò yẹ kí wolé-wolé kankan wà láyé. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà, nítorí pé àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Inú fóònù ni mo ti rí ẹ̀kọ́ náà. Láràárọ̀ tí mo bá wọ mọ́tò láti Òkè-Fíà ní Òṣogbo lọ sí Iléṣà, n ó ki okùn fóònù bọ etí, n ó máa gbọ́ àwọn tó ń ṣàlàyé pé ìjọba tó bá tóbi, olè ni; pé kí kálukú tọ́jú ara rẹ̀; pé ohun tí oníṣòwò bá lè ṣe, kí ìjọba má fọwọ́ kàn án. Kí mọ́tò tó dé Iléṣà, inú mi á ti máa ru sí ìjọba. N ó wá sọ̀ kalẹ̀, n ó wọ aṣọ káàkí tí ìjọba rán fún mi, n ó sì lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. N ó kan ilẹ̀kùn, onílé á yọjú, n ó sì sọ fún un pé, “Bàbá, n kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé yín. Bí ẹ bá fẹ́ da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.” Mo rò pé inú wọn yóò dùn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wolé-wolé tó bá wọlé, tó bojú wo ìkòkò omi, tó sì bínú, ìyẹn yé wọn. Èyí tó dúró síta tó ń sọ̀rọ̀ òmìnira, wọ́n gbà pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tirẹ̀ ni yóò pọ̀ jù. Bàbá kan tẹ̀ lé mi dé ojú títì pẹ̀lú àkùkọ lábíyá, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ wá wo ṣáláńgá àwọn. Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Iléṣà, fetí sí ẹ̀kọ́ mi lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, títí mo fi sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, “Ìjọba tí o fẹ́ kó kógbá sílé yìí, ṣé lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó ìfẹ̀yìntì mi ni, àbí kó tó di ìgbà náà?” Mo sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn kò jinlẹ̀ tó. Wọ́n gbé iyán iwájú mi kúrò.

Ọ̀gá wa ní ẹ̀ka ìmọ́tótó, àgbà ọkùnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, gbọ́ ẹjọ́ mi lẹ́nu àwọn ará ìlú. Wọ́n pè mí, wọ́n ní ìka tó tọ́ símú la fi ń ro ó, wọ́n sì rán mi lọ síbi tí kò ti sí onílé tí mo lè dẹ́rù bà: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun tí ìjọba kọ́ sí ọjà kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, létí títì tó lọ sí Àkúrẹ́.

Ilé náà dára. Yàrá márùn-ún ni, táìlì funfun, omi ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí pé àgbà òṣèlú tí yóò wá gé ríbọ́ǹnì rẹ̀ kò tíì ráyè. Ríbọ́ǹnì náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà nídìí ilé tí ẹnikẹ́ni kò lò yìí. Ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan jókòó ti ìwé ńlá kan láti máa kọ orúkọ àwọn tó bá wá sílẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń kọ ọ́ pé, “Ẹnikẹ́ni kò wá.” Ẹnì kẹta ń ṣọ́ àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà sùn. Èmi ni ẹnì kẹrin, iṣẹ́ mi sì ni láti yẹ ilé náà wò bóyá ó mọ́. Ó mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́ pé ó mọ́. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sọdá títì lọ sínú igbó, bíi ti gbogbo èèyàn.

Ìyá àgbà kan wà tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Oko obì tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá. Orúnkún ń dùn wọ́n. Eré àsápajúdé ni tírélà sì ń sá lójú títì yẹn, kí ìyá olóbì tó ráyè sọdá, wọ́n á ti dúró títí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ṣí i?” Èmi a jókòó sórí àpótí, n ó ṣàlàyé fún wọn pé ìyẹn kọ́ ló yẹ kí a máa béèrè, pé kò yẹ kí ìjọba kọ́ ọ rárá, pé bí ìjọba bá ti kúrò lọ́nà ni, oníṣòwò kan ì bá ti kọ́ ọ, ì bá sì sàn ju báyìí lọ. Ìyá olóbì máa ń fetí sílẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan tí àlàyé mi gùn, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ọmọ mi. Ó dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.” Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí títì.

Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà. Ojú ewé mẹ́fà ni. Mo ní kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì fa ilé náà lé àwọn ará ọjà lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì.

“Àwọn tó wà lókè ti ka lẹ́tà rẹ,” ni ọ̀gá wí. “Wọ́n ní ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ kan.”

“Ti ta ni, sà?”

“Tìrẹ.”

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ni mo sọ òkò, èmi náà ló bà. Ọ̀gá bu omi fún mi, wọ́n jẹ́ kí n mu ún tán, wọ́n wá ní, “Ìṣòro kan ló kù. Òfin ní iṣẹ́ tí a bá fagi lé, a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, kí ẹnìkan má baà yọ́ kẹ́lẹ́ lọ máa ṣe é. A nílò ẹni tí yóò máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, tí yóò máa jẹ́rìí sí i pé ẹnikẹ́ni kò yẹ ilé náà wò.” Mo béèrè bí ẹni náà yóò ṣe mọ̀. Ọ̀gá ní, “Yóò wọ inú ilé, yóò yẹ̀ ẹ́ wò.”

Kí n má purọ́, mo gba iṣẹ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti ìjọba, inú ìjọba ló yẹ kó ti máa jagun. Wọ́n tilẹ̀ fi ìpele kan gbé mi ga.

Nígbà òjò ọdún yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá olóbì ń sọdá bọ̀ láti inú igbó nígbà tí tírélà kan tó kó gẹdú yà bàrá sọ́dọ̀ wọn. Kò gbá wọn, ṣùgbọ́n ìyá fò sẹ́yìn, wọ́n ṣubú sínú kòtò, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì kán. Mo gbé ìyá sórí ọ̀kadà, mo dì wọ́n mú láti ẹ̀yìn títí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì ìjọba ló tọ́jú ọwọ́ náà. Kò sí ilé ìwòsàn mìíràn lójú ọ̀nà yẹn. Mo ṣàkíyèsí èyí, mo sì tì í sápá kan lọ́kàn mi, kí n lè rò ó nígbà tó bá yá. Ìyá olóbì kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé kí n lọ bo obì àwọn kí òjò má pa á.

Mo lọ bo obì náà. Bí mo ṣe bò ó tán, ìbínú gbé mi, mo ṣa òkúta kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu àgádágodo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wá dúró tì mí, ó ń wò mí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi o.”

“Kí ló dé tí o kò fi ṣí i láti ọjọ́ yìí?”

“Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí n ṣí i. Bóyá wọ́n ti ṣí i ni gbogbo yín ń béèrè.”

Mo padà sídìí àgádágodo, mo sì lù ú títí tó fi já, nítorí pé mo ti bẹ̀rẹ̀.

Bí òmìnira ṣe dé nìyẹn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé kò sí ìwé, kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí òfin, kí kálukú lò ó bó ṣe wù ú. Bó ṣe wù wọ́n náà ni wọ́n lò ó. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, àwọn awakọ̀ Àkúrẹ́ ti ń yà síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹnìkan so ewúrẹ́ mọ́ yàrá kẹta, òórùn ibẹ̀ sì ń lé oníbàárà kúrò lọ́jà. Àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì, nítorí pé igbó mọ́ jù ú lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá olóbì padà sọ́jà pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn. Wọ́n yọjú wo inú ilé náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pe àwọn obìnrin ọjà jọ. Wọ́n lé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń lé adìẹ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fọ ibẹ̀, wọ́n sì ti ṣòfin: ìsọ̀ kan ni yóò máa fọ̀ ọ́ lóòjọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ ṣan ẹsẹ̀, ẹni tó bá rú òfin yóò pọn kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá láti odò. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ẹ̀rí tí mo ti ń wá rèé, àwọn èèyàn ń tún ayé ara wọn ṣe láìsí ìjọba. Mo sáré wọlé lọ kí wọn kú iṣẹ́. N kò ṣan ẹsẹ̀.

Mo bá wọn jiyàn. Mo ní n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣòfin, n kò sì fọwọ́ sí i. Ìyá olóbì ní, “Ta ló fipá mú ọ wọlé? Igbó ń bẹ lódì kejì.” Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé inú fóònù, n kò gbọ́ kí ọ̀kan sọ ọ́ kó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Mo pọn omi náà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Àgbà òṣèlú náà dé níkẹyìn. Aláta kan wà nínú yàrá kejì nígbà tí wọ́n fẹ́ gé ríbọ́ǹnì. Wọ́n ní kó jáde, ó ní òun kò tíì ṣe tán, gbogbo àlejò pàtàkì sì dúró dè é nínú oòrùn. Ó jáde, ó fọ ọwọ́, ó kí wọn, wọ́n gé ríbọ́ǹnì. Ní tèmi, wọ́n gbé mi síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje nítorí àgádágodo, kí wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì rí i pé kò ṣeé ṣe, torí pé nínú ìwé wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ti fagi lé ni orúkọ mi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, a kò sì lè lé èèyàn kúrò nínú iṣẹ́ tí kò sí. Èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé fi í sílẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọdún kan gbáko kí wọ́n tó gbà pé ẹni tí kò sí lè lọ.

Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ń gbé báyìí, mo ń ta oúnjẹ adìẹ. N kò yí èrò mi padà tán. Mo ṣì gbà pé ìjọba ń fi ẹ̀ṣọ́ síbi tí kò sí olè. Ohun tí n kò mọ̀ mọ́ ni ibi tí ìjọba parí sí, tí aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ronú kan èmi ìgbà náà, tó jókòó sórí àpótí tó ń kọ́ ìyá àgbà ní ọgbọ́n, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fà á létí, kí n sì dì mọ́ ọn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi mí jẹ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. A ti ṣe òfin mọ́kànlá; ọ̀kan nínú wọn ni pé kí a máa ti géètì àdúgbò lálaalẹ́, kí gbogbo ilé sì máa pín iṣẹ́ náà ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ kan tó yá ilé ládùúgbò wá bá mi, ó jókòó, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún mi pé òun kò mọ ẹni tó fún wa láṣẹ láti máa ti géètì mọ́ àwọn èèyàn tó ti dàgbà, pé òun kò fọwọ́ sí i, pé ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dí lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, kò bú mi. N kò rí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo lè jà níyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá padà wọlé, mo mú bírò, mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò máa ti géètì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.