Dókítà Tó Gbé Faransé Wá sí Maṣífà

Ó yẹ kí a kọ èyí sílẹ̀ kí ayé má baà gbàgbé: Dókítà Fábọ̀sẹ̀ Ògúnrìndé kì í jẹ ẹ̀pà àfi tó bá bó gbogbo rẹ̀ tán. Yóò tò ó ní méjì-méjì sórí ìwé ìròyìn, èyí tí kò bá ní ẹnì kejì ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ìdí tí èèyàn fi ń wọ ṣòkòtò.

Ọmọ Maṣífà ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ni ní yunifásítì n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì ti kọ ìwé olójú-ewé ọ̀ọ́dúnrún lórí ìdí tí àwọn ará abúlé fi ń fi ilé sílẹ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè. Èèyàn mẹ́rin ló ka ìwé náà, yunifásítì ló sì sanwó fún mẹ́ta nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Àpápá fi í ṣe ọ̀gá àwọn tó ń ta ọjà, wọ́n fún un ní mọ́tò àti dírẹ́bà. Wọ́n ní lásìkò tiẹ̀, ọṣẹ tà dé Máídúgùrì.

Ní Jánúárì 1974, ó kó ẹrù wálé, ó di pirinsípà ilé-ìwé gírámà tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Àwọn kan ní ó bá ọ̀gá òyìnbó jà. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀, Rose, ni kò fẹ́ràn èéfín Àpápá. Nígbà tí mo bi òun fúnra rẹ̀, ó ní, "Ọṣẹ ti rọrùn jù láti tà."

Kò pẹ́ tó fi rí èyí tó ṣòro. Bí ọdún Ògìyán bá ti kọjá ní Èjìgbò, àwọn èèyàn wa tó wálé láti Àbíjàn kì í dá padà lọ. Wọ́n á mú ọmọ àbúrò, wọ́n á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n lè máa bá wọn dúró ti ìsọ̀. Ìjọba sì ti kọ̀wé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Fẹ́búárì 1975. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pé ọgọ́fà, wọ́n á ti ilé-ìwé náà pa, kí àwọn ọmọ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ti Èjìgbò. Àwọn ará Maṣífà tó fi orí ru búlọ́ọ̀kù kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Dókítà náà kò fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí mọ́tò Àpápá ti di ti ẹlòmíràn. Àádóje akẹ́kọ̀ọ́ ló ní lọ́wọ́, ogún ọmọ ló sì ti bá wọn lọ sí Àbíjàn lẹ́yìn Ògìyán tó kọjá.

Ó lo ọgbọ́n Àpápá: wọn kì í bẹ oníbàárà, ọjà ni wọ́n ń tún ṣe. Bó bá jẹ́ Faransé ni àwọn ọmọ ń wá lọ sí Àbíjàn, ilé-ìwé á gbé Faransé wá bá wọn nílé. Ó lọ bẹ Màmá Fàsílátù, tó ta ìkòkò àti abọ́ ní Àbíjàn fún ọdún méjìlélógún kó tó wálé wá sinmi. Màmá kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ó lè bú èèyàn ní Faransé láti àárọ̀ di ọ̀sán láì tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Kò kọ́ wọn ní orúkọ àga àti tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ló kọ́ wọn, àti bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà tó ti kẹ̀yìn sí ìsọ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn ọmọ ti ń bá ẹlẹ́kọ ẹnu ọ̀nà jiyàn ní Faransé.

Ọdún Ògìyán dé, ó lọ. Bàbá Jímọ́ọ̀, alága àwọn òbí, gbé àkùkọ kan wá sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí n wá dúpẹ́. Ràfíátù ọmọ mi ń lọ lọ́la."

"Níbo, Bàbá?"

"Àbíjàn náà ni. Tẹ́lẹ̀, ọmọ á lo ọdún kan gbáko kó tó lè dá dúró ti ìsọ̀. Tiyín ti jinná látilé. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ní òun fẹ́ méjì sí i, bí ẹ bá ní."

Dókítà náà gba àkùkọ. Ogójì ọmọ ló lọ lọ́dún náà, ìlọ́po méjì ti èṣí. Ó ku àádọ́rùn-ún.

Ọjọ́ méjì ni kò jáde. Rose ní ìwé tó fúnra rẹ̀ kọ ló ń kà. Nínú ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé nípa ìdí tí èèyàn fi ń lọ, kò rí ẹyọ kan nípa ohun tó ń mú wọn bọ̀. Ó dìde, ó lọ bá Màmá Fàsílátù níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó béèrè ohun tí àwọn ará Àbíjàn ń fẹ́ tí kò sí ní Àbíjàn.

"Ọmọ tó mọ èèyàn kí," ni màmá wí láì gbójú sókè. "Àwọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, ọwọ́ ni wọ́n ń nà sí bàbá wọn."

"Ṣé wọ́n á gbà láti fi wọ́n ránṣẹ́ sílé?"

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan wà nílé tó lè bú wọn ní èdè tó yé wọn, lọ́la ni."

Dírẹ́bà ọkọ̀ tó ń ná Àbíjàn ló bá Dókítà jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Kí Iléyá tó dé, ọmọ méjìdínlógójì ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Maṣífà. Yorùbá ẹnu wọn kò tó nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀ rárá.

Alábẹ̀wò dé ní Fẹ́búárì. Ó ka orí lẹ́ẹ̀mejì, ó bá méjìdínláàádóje. Ló bá wọ kíláàsì àwọn àlejò, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n ní ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń wò ó. Màmá Fàsílátù dúró lẹ́yìn kíláàsì. Alábẹ̀wò tún ìbéèrè náà bi. Ẹnikẹ́ni kò mira. Ọkùnrin yìí ti dé ilé-ìwé mọ́kànlá lóṣù náà, kò sí èyí tí wọn kò ti pariwo lé e lórí.

"Ọ̀gá," ló wí fún Dókítà ní Yorùbá, "kí lẹ fi ń tọ́ wọn?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ni àwọn òbí wọn ní kí wọ́n wá kọ́, sà."

Alábẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ilé-ìwé náà máa bá a lọ, pé òun kò tíì rí ọmọ tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, àti pé kí àwọn pirinsípà yòókù wá kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Lóṣù Kẹrin, mẹ́fà nínú wọn dé lóòótọ́, wọ́n jókòó yí tábìlì Dókítà Ògúnrìndé ká, kálukú ṣí ìwé, ó mú bírò dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí ló yẹ kó pè kí wọ́n kọ?